Kíláàsì ìtọ́jú orí fóònù tí mo mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ ní Kubwa

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí ní Abuja, àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń gba akẹ́kọ̀ọ́ sí ilé ìwòsàn yín, ẹ jẹ́ kí n sọ èrò mi kí n tó sọ ìdí rẹ̀: kíláàsì yìí, tí wọ́n ti ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń tọ́jú aláìsàn lórí fóònù, tó owó rẹ̀. ₦45,000 ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń ṣe é, láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí, mo ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ní Kubwa níbí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lọ́dọ̀ mi láti kọ́ṣẹ́ lójú iṣẹ́ ni mo mú lọ, èmi náà sì jókòó tì wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mi ò ní kọ orúkọ àwọn tó ni kíláàsì náà síbí, torí àwọn àléébù tí mo fẹ́ sọ, mo ti sọ ọ́ lójú wọn, wọ́n sì ní àwọn ń ṣiṣẹ́ lé e lórí.

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lógún láti ọdún 2020. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún náà, ìjọba àpapọ̀ ní kí Èkó, Ògùn àti Abuja jókòó sílé nítorí kòrónà. Aláboyún ò lè wá, ọlọ́mọ tuntun ò lè wá, àìsàn ò sì gbọ́ òfin kónílé-ó-gbélé. Orí fóònù la ti ń ṣe gbogbo rẹ̀, lóru, nígbà tí Nẹ́pà ti mú iná lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lọ́dọ̀ mi nígbà yẹn ti padà sílé. Àwọn tó dé lẹ́yìn wọn ńkọ́? Aláìsàn tó dùbúlẹ̀ síwájú ẹni nìkan ni ilé ìwé kọ́ wọn láti tọ́jú. Bí fóònù ilé ìgbẹ̀bí bá dún, wọ́n á sáré gbé e fún mi bí ẹni tó di ẹyin gbígbóná mú. Kónílé-ó-gbélé ti kọjá lọ, àmọ́ ìpè ò dáwọ́ dúró. Owó ọkọ̀ láti Kwali tàbí Abaji dé Kubwa kì í ṣe owó kékeré, ẹni tó bá sì lè fi fóònù béèrè bóyá ó yẹ kí òun wá, á kọ́kọ́ béèrè. Iṣẹ́ náà ti wà nílẹ̀, àwọn tó máa ṣe é ni kò tíì kọ́ ọ.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ni níbẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ìwé kíkà ò pọ̀. Wọ́n á mú akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sí yàrá kan pẹ̀lú fóònù, wọ́n á mú ẹni tó ń ṣe bí aláìsàn sí yàrá kejì, olùkọ́ á sì máa gbọ́ tọ̀tún-tòsì. Àwọn obìnrin tó ń tajà ní ọjà Kubwa ni wọ́n gbà fún iṣẹ́ yìí, wọ́n sì kọ́ wọn yanjú: ohun tí wọ́n máa sọ tí wọn ò bá bi wọ́n, ohun tí wọ́n máa gbé pamọ́ àfi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá béèrè rẹ̀ dáadáa. Ọgbọ́n náà ti pẹ́. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Howard Barrows, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Yunifásítì Southern California ní ọdún 1963, tó ń lo ẹni tí ara rẹ̀ le koko láti ṣe bí aláìsàn fún àwọn tó ń kọ́ ìṣègùn. Ohun tí àwọn tiwa yìí fi kún un ni pé wọn ò jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rí ojú aláìsàn rárá níbẹ̀rẹ̀. Etí nìkan. Fídíò di ẹ̀yìn ọ̀la. Inú bí àwọn ọmọ náà, wọ́n ní ṣebí fóònù àwọn lè ṣe fídíò. Èmi fara mọ́ olùkọ́. Ẹni tí kò bá mọ ìbéèrè béèrè, fídíò ò lè gbà á.

Ẹ wo ti ọmọ tó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ló wà lórí àga, ọmọ Ọ̀ffà. Obìnrin tó ń ṣe ìyá ọmọ wà ní yàrá kejì, fídíò ìkókó gidi kan ń lọ lórí tábílẹ́ẹ̀tì níwájú rẹ̀, òun nìkan ló sì ń rí i. Yorùbá lòun náà, olùkọ́ wá gbà kí wọ́n sọ èdè wọn fún ìgbà yẹn. (Màá padà sórí ọ̀rọ̀ èdè.) Akẹ́kọ̀ọ́ mi bi í pé, "Màmá, ṣé ọmọ ń mí dáadáa?" Ó ní, "Ó ń mí o, Àǹtí Nọ́ọ̀sì." "Ṣé ó ń yára mí ni?" "Bó ṣe máa ń mí náà ni." Ọmọ mi kọ ọ́ sílẹ̀ pé mímí rẹ̀ dára, ó fẹ́ kọjá sí ìbéèrè mìíràn. Olùkọ́ dá a dúró. Ó ní, "Iṣẹ́ tìrẹ lo gbé lé ìyá ọmọ yẹn lọ́wọ́. Gbà á padà."

Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Ní ìgbà kejì, ó ní kí ìyá gbé fóònù sílẹ̀ kó sì tẹ ibi tí ohùn á fi jáde síta, kó wá síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kó ká aṣọ ọmọ sókè títí tí ikùn rẹ̀ fi máa hàn. "Ní gbogbo ìgbà tí ikùn bá gòkè, kí ẹ sọ pé 'ó gòkè'. Ẹ má ka nǹkan kan, èmi ni màá máa kà á." Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀: ó gòkè, ó gòkè, ó gòkè. Akẹ́kọ̀ọ́ tẹjú mọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ títí ìṣẹ́jú kan fi pé géérégé. 68. Ó ní kí wọ́n tún un ṣe, ó sì jẹ́ 66. Fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, 60 sókè ni ewu. Láti oṣù méjì títí dé ọdún kan, ó di 50. Láti ọdún kan sí márùn-ún, 40. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ni, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló mọ̀ ọ́n lórí kó tó wọ kíláàsì. Bí wọ́n ṣe máa gba nọ́ńbà náà láti ọwọ́ ẹlòmíràn ni wọn ò mọ̀. Lẹ́yìn èyí ló bi ìyá bóyá abẹ́ ìhà ọmọ ń jìn wọlé tó bá mí sínú, bóyá ó ń mu ọmú, bóyá gìrì mú un. Ó wá ní kí wọ́n máa gbé e bọ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ìyá gbé e lé àyà ní ìhòòhò kó sì fi aṣọ bo àwọn méjèèjì kí òtútù má bàa mú un lọ́nà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní kí ìyá tún gbogbo rẹ̀ sọ fún òun kí òun lè gbọ́ bó ṣe yé e. Mo fẹ́ dìde pàtẹ́wọ́.

Ti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ náà dára. Ọ̀pọ̀ aboyún ní Abuja ti ń ra ẹ̀rọ tó ń wọn ọ́n sílé, wọ́n á sì pe nọ́ọ̀sì ní òwúrọ̀ láti ka nọ́ńbà fún un. Kíláàsì yìí kọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n má gba nọ́ńbà kankan tí wọn ò bá mọ bí wọ́n ṣe rí i. Ṣé ẹ ti jókòó tó ìṣẹ́jú márùn-ún? Ṣé ẹ fẹ̀yìn ti nǹkan? Ṣé ẹ gbé ẹsẹ̀ léra ni? Ṣé orí aṣọ lẹ dì í mọ́ ni àbí ara? Ibo lẹ gbé apá lé? Lẹ́yìn èyí ni 140/90, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti bẹ̀rẹ̀, tó lè ní ìtumọ̀. Tó bá wá jẹ́ 160/110, tàbí tí orí bá ń fọ́ ọ gan-an, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tí òkè ikùn ń dùn ún, wọn ò gbọ́dọ̀ tún bi í ní ìbéèrè púpọ̀. Olùkọ́ tẹnu mọ́ ọn léraléra pé magnesium sulphate, oògùn tó ń dènà gìrì aláboyún, ò lè gba inú fóònù kọjá. Kí wọ́n wá ọkọ̀ ni, kí ẹnì kan má sì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú mi dùn sí i pé wọ́n fún ibi tí ìtọ́jú orí fóònù parí sí ní àkókò tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, torí àwọn kan ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bíi pé ó lè rọ́pò ilé ìwòsàn.

Nígbà tí wọ́n dé orí fídíò, àwọ̀ ara ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, mo sì gbà pé ibẹ̀ gan-an ló yẹ. Wọ́n gbé fóònù kan náà síwájú ọmọ kan náà lábẹ́ gílóòbù aláwọ̀ ìyeyè, lábẹ́ iná funfun, àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Lábẹ́ gílóòbù yẹn, gbogbo ọmọ ló ní ibà pọ́njú. Lábẹ́ iná funfun, kò sí èyí tó ní in. Ẹgbẹ́ fèrèsé, lójú ọ̀sán, nìkan lèèyàn ti lè gba ohun tí ojú bá rí gbọ́. Kí ìyá fi ìka tẹ iwájú orí ọmọ tàbí àyà rẹ̀, kó yọ ìka kúrò, kí a wo àwọ̀ tó wà níbẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó padà. Lẹ́yìn náà, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀. Tí wọ́n bá ti pọ́n bí ìyeyè, tàbí tí ọmọ pọ́njú kó tó pé ọjọ́ kan láyé, ilé ìwòsàn ni. Fún àìtó ẹ̀jẹ̀ lára àgbàlagbà, inú ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ àti àtẹ́lẹwọ́. Fún ẹni tí afẹ́fẹ́ ò tó, ahọ́n àti èrìgì. Ara dúdú ni tiwa, ètè tó "di búlúù" tó wà nínú ìwé àwọn òyìnbó kò ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀.

Ìbéèrè kan wà tí wọ́n fi kún ẹ̀kọ́ yìí tí mo fẹ́ kí gbogbo ìyá tó ń ka èyí gbọ́: "Kí lẹ fi sáàárín aṣọ ọmọ?" Ọ̀pọ̀ wa ló ń fi káńfọ̀ pa aṣọ ìkókó mọ́ kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Ọmọ tí ara rẹ̀ kò ní èròjà G6PD, èyí tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, tó pé, káńfọ̀ yìí lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kó pọ́njú gidigidi, tí ìyẹn bá sì pọ̀ jù, ọpọlọ ló ń lọ bà jẹ́. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Nàìjíríà. Kò sí ẹ̀rọ tó máa sọ èyí fún nọ́ọ̀sì, kò sì sí ìyá tó máa dárúkọ káńfọ̀ fúnra rẹ̀. Àfi kí a béèrè.

Wọ́n pín pulse oximeter, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi sí ìka láti mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe tó nínú ẹ̀jẹ̀, fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan láti fi kọ́ṣẹ́, wọ́n sì sọ òtítọ́ nípa rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, àwọn dókítà láti Michigan tẹ ìwádìí kan jáde nínú New England Journal of Medicine: láàárín àwọn tí ẹ̀rọ náà ní afẹ́fẹ́ tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ìdá àwọn aláwọ̀ dúdú tí afẹ́fẹ́ ò tó lára wọn ní tòótọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun. Nítorí náà, bí nọ́ńbà bá dára tí aláìsàn ò lè parí gbólóhùn kan láìmí kanlẹ̀, gbólóhùn yẹn ni kí akẹ́kọ̀ọ́ gbàgbọ́. Wọ́n ní kí a fi ẹ̀rọ náà sí ìka tí kò ní làálì dúdú tàbí ọ̀dà èékánná. Ní ìlú tí ìyàwó ilé kún ọwọ́ fún làálì nígbà ọdún Iléyá, ẹni tó kọ ìyẹn sínú ẹ̀kọ́ mọ ibi tó wà.

Kì í ṣe nọ́ọ̀sì nìkan ló wà níbẹ̀. Àwọn CHEW, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò, wà, àwọn tó ń kọ́ físíò wà, àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ sóṣíà wẹ́fíà náà wà. Ti àwọn físíò ò lọ jìnnà: wọ́n kọ́ wọn ní ibi tí fóònù máa wà kí gbogbo ara ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú lè hàn, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ti àwọn sóṣíà wẹ́fíà mú mi lọ́kàn. Obìnrin kan pè, ó ní ọmọ òun ń wúkọ́. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Wọ́n kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà láti bi í ní ohun tó lè fi "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "rárá" dáhùn láìjẹ́ kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fura: "Ṣé ẹnì kan ń gbọ́ wa?" "Ṣé ẹni náà ti fọwọ́ kàn yín?" "Ṣé kí n tún pè tí ẹ bá dé ọjà?" Wọ́n jọ fẹnu kò sórí ọ̀rọ̀ kan tó máa sọ tí ọ̀rọ̀ bá di kánjú, kí ìpè náà lè parí lójú ẹsẹ̀. Òfin tó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn, ti ọdún 2015, de gbogbo Abuja, NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò, ló sì wà fún un. Àwọn ọmọ nọ́ọ̀sì tí mo mú wá kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Obìnrin tí wọ́n ń lù nílé, ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí ló kọ́kọ́ ń dé.

Lórí àṣírí aláìsàn, wọn ò fi ọ̀rọ̀ ṣeré. National Health Act ti 2014, ní abala 26, ní àṣírí ni ọ̀rọ̀ ìlera ẹni; òfin ìdáàbòbò dátà ti ọdún 2023 sì tún fi agbára kún un. Òtítọ́ ni pé WhatsApp ti ń ti ọ̀rọ̀ pa láàárín ẹni méjì, kí ẹlòmíràn má bàa kà á lójú ọ̀nà, láti ọdún 2016. Ṣùgbọ́n àwòrán ìwọ́ ọmọ tí ìyá fi ránṣẹ́ lè bọ́ sínú gálárì akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀, àbúrò rẹ̀ tó ń fi fóònù náà gbá géèmù á sì rí i. Wọ́n jẹ́ kí gbogbo wọn yí ètò yẹn padà lórí fóònù wọn lójú wa, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sínú fáìlì, kí wọ́n sì pa àwòrán rẹ́.

Ó wá kan àwọn ohun tó dùn mí.

Èdè ni àkọ́kọ́. Yàtọ̀ sí ìgbà tí mo sọ lókè yẹn, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á ka gbólóhùn ìgbàṣẹ kan bí ẹni ń ka ìwé òfin, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ẹni tó bímọ láná, tí nọ́ọ̀sì pè é láìsọ pé "ẹ kú ewu ọmọ", ṣé ó máa sọ ohun tó ń ṣe é? Alhaji tí wọn ò bi léèrè ilé, ṣé ó máa gbé fóònù fún ìyàwó? Hausa lèdè ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pe ilé ìgbẹ̀bí mi, Yorùbá tẹ̀lé e, Gbagyi náà wà níbẹ̀. Ọmọ tó bá ti mọ ìbéèrè káńfọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan kò tíì mọ̀ ọ́n.

Ìkejì ni fóònù ọkọ. Ohun tí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ni pé kí wọ́n ní aláìsàn nìkan làwọn fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ó yé mi pé ibi tí wọ́n ti kọ ọ́, oníkálukú ló ní fóònù tirẹ̀. Níbí, nínú ọ̀pọ̀ ilé, fóònù ọkọ ni fóònù ilé. Nínú ilé Yorùbá míràn, ìyá ọkọ ló máa gbé e. Bí nọ́ọ̀sì bá ní kó gbé e fún ìyàwó kíá, ìpè ti parí nìyẹn. Ohun tí mò ń ṣe ni pé màá kí ọkọ dáadáa, màá fún un níṣẹ́: kó wá báírò, kó máa kọ nọ́ńbà tí mo bá sọ, kó lọ wo ẹni tó ní mọ́tò ládùúgbò. Bó bá ti níṣẹ́ lọ́wọ́, á gbé fóònù sílẹ̀ fún ìyàwó fúnra rẹ̀. Mo sọ èyí fún olùkọ́ àgbà, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìkẹta, gbọ̀ngàn wọn ní ínfátà àti Wi-Fi tó ń sáré. Fídíò ò já rárá. Kò sí ibì kankan tí àwọn ọmọ yìí máa ṣiṣẹ́ sí lẹ́yìn Bwari tàbí ní Kwali tó rí bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n pa Wi-Fi yẹn lọ́jọ́ kan, kí ohùn máa já, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ bí a ṣe ń mọ ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè kí ìlà tó já, àti bí a ṣe ń fi vóìsì nóòtù kúkúrú ránṣẹ́ tí ohun kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀. Wọn ò sì sọ ẹni tó máa ra káàdì. Láti oṣù Kíní ọdún 2025 tí NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ fóònù, ti gba àwọn ilé iṣẹ́ fóònù láàyè láti fi owó kún owó ìpè àti dátà dé ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, flash ni ọ̀pọ̀ ìyá ń fi ránṣẹ́. Nọ́ọ̀sì kékeré tí kò tíì gba owó oṣù ni yóò pè é padà. Ilé ìwòsàn tó bá fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ ra káàdì fún un, kíláàsì náà sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún àwọn tó ni ilé ìwòsàn.

Ìwé ẹ̀rí wọn dára lójú, ó sì lè ran ọmọ lọ́wọ́ nígbà tó bá ń wá iṣẹ́. Kì í ṣe láísẹ́ǹsì o. Nursing and Midwifery Council nìkan ló ń fún nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní ìyẹn, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́dọ̀ máa gba ìpè aláìsàn láìsí ẹni tó ní láísẹ́ǹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́dọ̀ mi, àwọn ọmọ náà ló ń kọ́kọ́ gbé fóònù báyìí, mo sì máa ń jókòó tì wọ́n. Tí wọ́n bá fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ lé mi lọ́wọ́, wọ́n á sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìtàn aláìsàn náà, ohun tí àwọn rò, àti ohun tí àwọn fẹ́ kí n ṣe, ní ṣísẹ̀-ń-tẹ̀lé, láìsí pé mo ń fa ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu wọn. Fún ìyẹn nìkan, màá tún sanwó.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó béèrè kó tó sanwó bóyá wọ́n ti fi Hausa àti Yorùbá kún un. Tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ń béèrè, wọ́n á tètè ṣe é. Kí ọmọ mú fóònù tí bátìrì rẹ̀ ń gbé e dáadáa dání, pẹ̀lú aago ọwọ́ tó ní ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá àti ìwé àkọsílẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ láti Gwagwalada, Zuba ni kó gbà, kó sì tètè kúrò nílé, torí wọ́n kì í ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tó bá dé lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án ààbọ̀.